Aṣọ Ìkẹyìn Tí Wọ́n Wọ̀ Lọ Jẹun Alẹ́

Láyé ìgbà náà ní Òsí, ẹni tó bá fẹ́ jẹun, ẹ̀wù rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bọ́ tì. Ọkùnrin á fi ẹ̀wù kọ́ sára ògiri, á jókòó ti iyán pẹ̀lú ṣòkòtò nìkan, nítorí ọbẹ̀ kò mọ ẹ̀wù àtàtà yàtọ̀ sí àkísà. Ìgbà tí òyìnbó dé, tí wọ́n kọ́ ilé ìsinmi wọn sórí òkè níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa, ni ìlú tó gbọ́ pé ẹ̀yà ènìyàn kan wà láyé tó jẹ́ pé bí oòrùn bá ti wọ̀, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọ kóòtù dúdú tó nípọn, wọ́n á fi aṣọ so ara wọn lọ́rùn bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, kí wọ́n tó jókòó jẹ adìyẹ. Nínú ooru yìí! Àwọn ará Òsí fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn. Wọn kò mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn ń wá ilé tí yóò wọ̀, àti pé ilé Adépéjú ló ń bọ̀.

Opó ni Adépéjú. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní Ọ̀pin, ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Òsí kó lè máa tọ́jú ìyá rẹ̀, nítorí ojú ìyá náà ti fọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kọṣẹ́. Yèyé Aláṣọ ni gbogbo ìlú ń pe ìyá náà. Láti Òsí dé Ìlọ́fà, ó ṣòro kí ènìyàn tó rí ìyàwó kan tí kò ró kíjìpá ọwọ́ Yèyé Aláṣọ wọ ilé ọkọ. Obìnrin tó hunṣọ fún tẹrú-tọmọ nìyẹn, ṣùgbọ́n aṣọ kan ṣoṣo ló hun fún ara rẹ̀ tó sì kó pa mọ́. Aṣọ ìkẹyìn ni, èyí tí wọn yóò fi sin ín.

Bí àṣà àwọn ahunṣọ ibẹ̀ ti rí nìyẹn. Nígbà tí ojú obìnrin bá ṣì ń ríran ni yóò ti hun tirẹ̀ sílẹ̀. Fúnra rẹ̀ ni yóò gbin òwú náà, tí yóò ká a, tí yóò ran án, tí yóò pa á láró. Ọwọ́ ẹlòmíràn kì í kàn án lórí òfì, alààyè kankan kì í sì í dà á bora. Wọ́n ní ahunṣọ tí wọ́n bá fi aṣọ ọwọ́ ẹlòmíràn sin, ìhòòhò ni yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá rẹ̀, wọn ó sì bi í pé, "Ìwọ tí o daṣọ bo gbogbo ayé, tìrẹ dà?" Yèyé bẹ̀rù ìbéèrè yẹn ju ikú fúnra rẹ̀ lọ. Aṣọ náà funfun bíi lékeléke, ó ní ìlà aró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ létí méjèèjì, ó sì wà nínú àpótí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, Adépéjú á gbé e lé e lọ́wọ́, ìyá náà á fi ìka tọ ìlà rẹ̀ láti etí kan dé èkejì, á mí kanlẹ̀, á ní kó dá a padà.

Ní ọyẹ́ ọdún kan, iná jó ilé náà. Kí wọ́n tó pariwo, koríko orí ilé ti gbiná. Adépéjú gbé ìyá rẹ̀ jáde, ó tún padà wọnú iná lọ nítorí àpótí. Ó gbé e jáde, ṣùgbọ́n àpá iná náà wà ní apá òsì rẹ̀ títí ó fi dàgbà darúgbó. Nǹkan mìíràn kò bọ́ àfi ògiri, èyí tí wọ́n tún fi koríko tuntun bò. Gbogbo ẹ̀wù Ògúndípẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ló jó di eérú. Ẹ̀wù oko tó wà lọ́rùn rẹ̀ ló kù, ẹ̀wù tí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti sọ di dúdú, tó jẹ́ pé ajá gan-an á gbóòórùn rẹ̀, á sì kọjú síbòmíràn.

Ògúndípẹ̀ sì ni olórí àdúgbò. Ọkùnrin gìrìwò ni, ó lójú bí akọni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jágbe mọ́ ọn, inú rẹ̀ á di omi. Òun ni Yàkúbù wá bá nínú àgbàlá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ará Ìlọrin ni Yàkúbù, ògbufọ̀ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ni, kò sì ní ìwà ibi kan lọ́wọ́ àfi pé ó fẹ́ràn oúnjẹ rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun gbé e kúrò níbẹ̀.

"Ògúndípẹ̀, ajẹ́lẹ̀ ní kí n kí ọ," ló wí. "Òyìnbó ńlá kan wá sinmi lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́la, bí oòrùn bá wọ̀, ẹ̀yin olórí àdúgbò mẹ́ta ni yóò bá wọn jẹun lórí òkè. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Aṣọ tí ènìyàn wọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, wọn kì í wọ̀ ọ́ jẹun lálẹ́. Èyí tó dára jù nínú àpótí rẹ ni kó o wọ̀. Bí o bá gbé ẹ̀wù yìí dé iwájú wọn, wọn á ní o wá fi àwọn ṣẹ̀sín ni."

"Bí mi ò bá wá ńkọ́?"

Yàkúbù wò ó. "O gbọ́ nípa olórí àdúgbò tí wọ́n ránṣẹ́ pè ní ọ̀nà Ọ̀bọ̀ lọ́dún tó kọjá, tí kò lọ?"

Ó gbọ́. Ta ni kò gbọ́? Dógarí méjì, àwọn ọlọ́pàá ìjọba, ló wá de ọkùnrin náà lọ́wọ́ sẹ́yìn, wọ́n mú un gba ọ̀nà Ìlọrin lọ, ìyàwó rẹ̀ sì ṣì ń gbọ́únjẹ rẹ̀ sílẹ̀ dè é títí di ọjọ́ yẹn.

Ògúndípẹ̀ kọ́kọ́ lọ yá aṣọ. Àwọn olórí àdúgbò méjì yòókù fẹ́ wọ tiwọn fúnra wọn. Jẹ̀lílì oníṣòwò yá a ní bùbá kan tinútinú, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣoṣo ni Ògúndípẹ̀ rí kì bọ̀ ọ́, ìyókù dúró sí èjìká rẹ̀, ó ní òun kò lọ. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀ a ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ó padà wálé bí adìyẹ tí òjò pa, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá Yèyé. Nígbà tó yá, Adépéjú rí i pé ojú rẹ̀ ti dúró sórí àpótí.

"Mú ojú rẹ kúrò níbẹ̀," ló sọ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, alẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni."

"Mè gbọ́. Aṣọ ukú ni. Éè sí alààyè tó í wọ̀ ọ́. Ìwọ náà mọ̀."

"Ẹ gbé e dà sí mi léjìká ni, mi ò ní í rán an, mi ò ní í gé e. Kí ọjọ́ ọjà tó pé, yóò ti padà sínú àpótí. Yèyé éè ní í mọ̀." Ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ọkùnrin gìrìwò yẹn, ó sì bú sẹ́kún. "Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn dógarí wá dè mí nínú ulé yìí ni? Ta ni yóò gbẹ́ ilẹ̀ Yèyé bí mi ò bá sí? Ẹ̀yin nìkan lẹ ó sin ín?"

Kò sí irú ẹ̀bẹ̀ tí kò bẹ̀ ẹ́. Adépéjú wo ìyá rẹ̀ tó ń sùn, ó wo àbúrò rẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. Ó mọ̀ pé bí òun bá kọ̀ tí wọ́n sì mú un lọ, ìyá náà á bi òun léèrè ọmọ. Bí òun bá sì gbà, á bi òun léèrè aṣọ. Ọmọ ló mú. Ìyá wo ni kò ní í mú ọmọ? Ó ṣí àpótí.

Ìdérí rẹ̀ ké. Yèyé gbé orí sókè lórí ẹní. "Ta nì?"

"Èmi ni, Yèyé. Mo ń wò ó bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́."

"Ọmọ dáadáa," ni ìyá náà wí, ó sì tún sùn lọ. Ìyìn yẹn dun Adépéjú ju èpè lọ.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Adépéjú fi ọwọ́ ara rẹ̀ da aṣọ náà lé àbúrò rẹ̀ léjìká. Ó yẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti burú, ó yẹ ẹ́ ju gbogbo ohun tó ti ń wọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó dà bí ọba. "Má jẹ́ kí ọbẹ̀ kàn án," ni Adépéjú ń sọ fún un lẹ́yìn bó ti ń lọ. "Bó bá ṣòro, má jẹun rárá."

Ògúndípẹ̀ kò jẹun lóòótọ́. Ó gbọ́ràn. Ìwà ọmọlúàbí gan-an ló kó bá a.

Ní Òsí nígbà náà, bí àgbà tàbí àlejò pàtàkì bá yin aṣọ ọrùn rẹ, o kò ní í dúró kó o máa la ẹnu sílẹ̀ bí òmùgọ̀. Etí aṣọ náà ni wàá gbé lé e lọ́wọ́. Òun náà á gbà á, á fi kan iwájú orí rẹ̀, á ní, "Wàá lò ó gbó, wàá fi òmíràn lé e," á sì dá a padà sí ọ lára. Ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n kọ́ òyìnbó.

Àwọn ọmọdé kò tíì sùn nígbà tí Ògúndípẹ̀ dé. Adépéjú ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Nǹkan dúdú kan ló rí lára rẹ̀, nǹkan tó mọ́ ọn láyà, tí apá rẹ̀ kò dé ọrùn ọwọ́, tí bọ́tìnnì wúrà ń kọ mànà lára rẹ̀. Kóòtù òyìnbó ni.

"Aṣọ dà?"

Ògúndípẹ̀ kò lè wò ó lójú. Ó ní òyìnbó ńlá náà ti ń wo aṣọ náà láti ìgbà tí àwọn ti jókòó. Ó ní ó dìde, ó yí tábìlì ká wá, ó fọwọ́ pa á, Yàkúbù sì ní ó ń sọ pé láti ìgbà tóun ti dé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, òun kò rí irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

"Ni mo bá gbé etí rẹ̀ lé e lọ́wọ́," ni Ògúndípẹ̀ wí. "Mi ò ro ohun kan. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Mo ń dúró kó fi kan orí, kó ṣàdúrà. Ló bá dì í mú, Ẹ̀gbọ́n mi. Ojú rẹ̀ ń dán bíi tọmọdé. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó bọ́ kóòtù ọrùn ara rẹ̀, ó fi wọ̀ mí, ó ká aṣọ náà kúrò ní èjìká mi. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Yàkúbù náà pàtẹ́wọ́. Ṣé kí n máa fà á mọ́ ọn lọ́wọ́ ni?"

Adépéjú kò pariwo, nítorí Yèyé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Iná tó jó gbogbo ilé kò rí aṣọ yẹn jó. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e síta. Èrò yẹn ló wà lọ́kàn rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ láyé.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ ọjà ku ọ̀la, ó gun òkè lọ fúnra rẹ̀. Àwọn dógarí ní àwọn òyìnbó ti lọ wo ọ̀nà tí wọ́n ń là, kó dúró. Ó dúró lábẹ́ igi láìjẹ láìmu, títí wọ́n fi dé, tí wọ́n wẹ̀, tí wọ́n wọ dúdú wọn, tí wọ́n tan àbẹ́là. Nígbà yẹn ló tó súnmọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì rí aṣọ Yèyé.

Wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

Àwo ọbẹ̀ wà lórí rẹ̀. Egungun adìyẹ wà lórí rẹ̀. Òyìnbó ńlá náà gbé ife ọtí pupa rẹ̀ sílẹ̀, ó rọra pa ìlà aró etí rẹ̀ láti fi han ẹnì kejì, inú rẹ̀ sì dùn, ènìyàn rí i pé inú rẹ̀ dùn. Níbi tó ti gbé ife, òrùka pupa kan ti wà lójú aṣọ funfun náà. Adépéjú kúnlẹ̀ níbẹ̀.

Yàkúbù sáré jáde wá bá a. Adépéjú sọ gbogbo rẹ̀ fún un: pé aṣọ òkú ni, pé ìyá òun ṣì wà láàyè, pé kí wọ́n ṣàánú òun, kí wọ́n gba kóòtù wọn, kí wọ́n gba òun alára kóun máa pọnmi fún wọn.

Ojú Yàkúbù yí padà. "Aṣọ òkú?" ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kí n wá dúró níwájú wọn, kí n ní aṣọ òkú ni wọ́n fi ń jẹun? Ìyá, ẹ ronú ná. Wọn á ní ẹ̀yin ará Òsí fẹ́ fi ikú ra àwọn lára. Àbúrò yín tó lọ lọ́fẹ̀ẹ́ lánàá, òru òní ni wọn á wá mú un. Èmi náà á bá a lọ. Ẹ̀bùn tó ti dé ọwọ́ ọba kì í padà."

"Ẹ sọ ohun tó wù yín fún wọn. Kí n ṣáà gba aṣọ mi."

Òyìnbó ńlá náà ti gbójú sókè, ó ń béèrè ohun tí obìnrin náà fẹ́. Yàkúbù yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín, ó mi orí, ó dìde fúnra rẹ̀, ó gbé agolo bísíkíìtì kan wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Adépéjú.

"Kí lẹ sọ fún un?" ni Adépéjú béèrè.

"Mo ní ẹ wá dúpẹ́ kóòtù," ni Yàkúbù wí. Kò wò ó lójú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé."

Adépéjú sọ̀kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú agolo bísíkíìtì lọ́wọ́. Àwọn tó pàdé rẹ̀ lọ́nà ní, "Ẹ kú oríire o." Ó ń dá wọn lóhùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọjọ́ ọjà pé. Àwọn òyìnbó ti di ẹrù wọn, wọ́n ti gba ọ̀nà Ìlọ́fà lọ. Yèyé na ọwọ́ jáde lórí ẹní. "Gbé aṣọ mi fún mi."

Kí ni ọmọ á ṣe? Adépéjú ní kíjìpá kan tóun fúnra rẹ̀ hun lórí òfì Yèyé, ìró àwọ̀ṣiṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ iná, ó funfun, ó ní ìlà aró, ìlà náà tilẹ̀ ṣe wẹ́kú. Òun ló gbé lé ìyá náà lọ́wọ́. Yèyé fi ìka tọ ọ́. Ìka náà lọ, ó dúró, ó padà, ó tún lọ. Òru ti wà lójú rẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò fọ́.

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lèyí," ló wí. "Ọwọ́ òsì rẹ, láti kékeré ló ti í fa òwú jù. Tèmi dà?"

Adépéjú kò tún rí irọ́ pa. Ó sọ ọ́ láti orí dé ìdí, ó sì ń sunkún bó ti ń sọ ọ́. Yèyé gbọ́ ọ títí dé òpin. Kò bú u, kò ṣẹ́ èpè. Ohun tó béèrè kò ju ẹyọ kan lọ.

"Wọ́n ń jẹun lórí rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé."

Ìyá náà wá etí aṣọ ọmọ rẹ̀ rí, ó wá kókó tó wà níbẹ̀, ó fi èékánná tú u, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ náà. Òwú kan, òwú kan. Adépéjú ní, "Yèyé, kí lẹ ń ṣe?" Ó ní òun ń tú u kóun lè fi ọwọ́ ara òun tún un hun. Ó ní kí wọ́n to òfì tuntun sílẹ̀ fún òun. Wọ́n tò ó. Kò lè jókòó tì í, orí rẹ̀ kò dúró, síbẹ̀ kò yéé tú aṣọ náà ní ìdùbúlẹ̀, ó sì ń ká òwú náà mọ́ ìka. Ó kọ oúnjẹ. Ó kọ omi. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá a tú u, á gbá ọwọ́ onítọ̀hún dànù. Adépéjú jókòó tì í, kò lè ràn án lọ́wọ́. Ọwọ́ tó ti hun èyí, tó ti gbé èkejì síta, kí ló tún kù tí yóò ṣe?

Ọjà mìíràn kò pé tí Yèyé fi kú. Ó ti tú aṣọ náà dé ìdajì. Èyí tó kù kò bo obìnrin kan, òwú tó ti tú sì ti lọ́ mọ́ra wọn láyà rẹ̀, kò sí ẹni tó lè yà wọ́n. Ògúndípẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ nínú yàrá, ó sì gbé kóòtù dúdú náà wá, ó ní bóyá kí àwọn fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Gbé e kúrò níwájú mi," ni Adépéjú wí.

Ìdajì aṣọ ni wọ́n fi bo ojú àti àyà rẹ̀. Ìyókù, òwú ni wọ́n fi yí i. Àwọn ahunṣọ ìlú wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò ó, wọn kò kọ orin tí wọ́n máa ń kọ fún ẹgbẹ́ wọn, wọ́n yípadà lọ sílé níkọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó bá wọn wí.

Ògúndípẹ̀ fi kóòtù náà kọ́ sórí igi nínú oko àgbàdo rẹ̀ láti máa fi lé ẹyẹ. Àwọn ẹyẹ ń bà lé e.

Adépéjú pẹ́ láyé. Kò hun aṣọ ìkẹyìn kankan fún ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ni wọn yóò fi sin ín, ó ní kí wọ́n sin òun bẹ́ẹ̀ láìláṣọ, kóun àti Yèyé jọ gba ìbéèrè yẹn pọ̀. Ìlú sì ní ó ti ya aláìmọ̀wàáhù lójú ogbó, nítorí pé bí àgbà, bí àlejò, bí ọba pàápàá bá yin aṣọ tó wà lára rẹ̀, kò jẹ́ gbé etí rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tó ní àpá iná, ni yóò fi kó aṣọ náà jọ mọ́ra, yóò sì dì í mú títí ẹni náà fi máa kọjá lọ.